Alágbàsọ Gbé Ọ̀rọ̀ Òkú Wá

Ọkọ mi máa ń bẹ̀rù. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ síta, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mò ń dọ́gbọ́n bò ó. Ó ń bẹ̀rù ajá tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Ó ń bẹ̀rù lẹ́tà tí wọ́n fi òǹtẹ̀ lù. Tí a bá fẹ́ jáde, á ti ilẹ̀kùn, á dé ìdí mọ́tò, á tún padà lọ fọwọ́ kàn án bóyá ó tì lóòótọ́. Èmi tí mo fẹ́ ẹ kì í bẹ̀rù ohun púpọ̀. Aránṣọ ni mí. Mo ti bá ìyàwó ojú ọ̀nà tí aṣọ fún mọ́ lára jà ní àárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, mo sì jàre.

Ọ̀rọ̀ sísọ tún jẹ́ ìṣòro fún un. Láti kékeré ló ti ń kólòlò, ó sì ń le sí i bí ara rẹ̀ kò bá balẹ̀. Bóyá ìdí nìyẹn tó fi wá iṣẹ́ tí kò gba ẹnu. Ó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fún iléeṣẹ́ tó ń pín omi, láti inú pálọ̀ wa níbí. Tábìlì rẹ̀ wà lẹ́yìn ẹ̀rọ ìránṣọ mi, a sì jọ kẹ̀yìn síra wa. Bí mo ṣe ń tẹ tèmi, bẹ́ẹ̀ ló ń tẹ tirẹ̀, ọjọ́ mìíràn wà tí a kì í sọ tó gbólóhùn mẹ́wàá kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìdí tábìlì yẹn ló jókòó sí tó fi kọ́ Alágbàsọ.

Alágbàsọ kì í ṣe èèyàn. Bọ́ọ̀tì ni, ìyẹn ètò kan tó ń dá ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ nínú ìkànnì tí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ti ń bára wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n tó ẹgbẹ̀rún mẹ́rin níbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn kò rí ara wọn rí. Ní gbogbo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, Alágbàsọ á yí sáìtì bí ọgọ́ta ká, níbi tí àwọn àgbà iṣẹ́ náà ń kọ ìròyìn sí. Á wò ó bóyá nǹkan tuntun wà. Bó bá wà, á mú àkọlé rẹ̀ àti líǹkì rẹ̀, á gbé e sínú ìkànnì kí gbogbo èèyàn rí i. Kì í sùn, kì í ṣàárẹ̀, kì í kólòlò. Orogún mi ni mo máa ń pè é. Bí mo bá jí láàárọ̀, mo máa ń bi ọkọ mi pé, “Bàbá wọn, orogún mi ńkọ́? Ṣé ó ti jíṣẹ́?” Á rẹ́rìn-ín sínú.

Ọlọ́run nìkan ló mọ bí inú rẹ̀ ṣe ń dùn sí nǹkan yìí. Ọkùnrin tí kò lè dìde sọ̀rọ̀ níwájú èèyàn márùn-ún ni ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ń gbọ́rọ̀ láti ọwọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́. Wọ́n á ní, “Alágbàsọ ló sọ ọ́,” ọ̀rọ̀ á parí.

Ó wá ku àṣà kan tí wọ́n ní nínú ìkànnì yẹn. Mi ò rí irú rẹ̀ níbòmíràn. Nínú ẹgbẹ́ aránṣọ tiwa, ẹni tó bá kú, a máa ń kẹ́dùn, akọ̀wé á sì fi ìlà fa orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé. Àwọn ní tiwọn, wọn kì í yọ òkú. Bí ọ̀kan nínú àwọn tí Alágbàsọ ń kà bá kú, wọ́n á fi sáìtì rẹ̀ sílẹ̀ nínú àwọn tí bọ́ọ̀tì náà ń bẹ̀ wò. Ní gbogbo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, Alágbàsọ á dé ọ̀dọ̀ olóògbé, á wò ó bóyá ó sọ̀rọ̀, kò ní bá nǹkan kan níbẹ̀, á kọjá lọ. Òkú mẹ́rin ló wà níbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọkọ mi kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, mo ní kí ló dé tí wọ́n ń da ara wọn láàmú. Ó ní ẹnu tó pa mọ́ kì í pa ẹnikẹ́ni lára. Ká sòótọ́, ó wù mí nígbà yẹn. Mo rò ó pé bí èmi náà bá kú, kí ẹnìkan máa yà wò mí bẹ́ẹ̀.

Ẹni kẹrin nínú òkú yẹn ni wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Sùúrù. A kò fojú kàn án rí. Òun ló kọ ètò kékeré kan tó ń da àkọsílẹ̀ láti orí kọ̀ǹpútà kan sórí òmíràn láìjẹ́ kí ẹyọ kan sọ nù, ó sì fi ṣe ọ̀fẹ́ fún gbogbo ayé. Ọkọ mi ń lò ó, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò ó. Àbúrò ọkọ mi náà ń lò ó. Mi ò jẹ́ pe orúkọ rẹ̀, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni mo ń pè é, nítorí ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́. Òun ló ń tọ́jú àwọn kọ̀ǹpútà ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé. Ọ̀gá Sùúrù ló kọ́ òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níṣẹ́ nípasẹ̀ lẹ́tà, ọdún mẹ́ta gbáko. Nígbà tí ìròyìn ikú rẹ̀ dé, ní oṣù méje ṣáájú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wá sí ilé wa, ó jókòó sórí àga oníbàárà mi, ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú.

Ní ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, aago mẹ́wàá àárọ̀ kò tíì lù. Mò ń gé aṣọ. Mo gbọ́ tí ọkọ mi rẹ́rìn-ín díẹ̀, bí ẹni tó gbọ́ ohùn ojúlùmọ̀ lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn náà àga rẹ̀ fà sẹ́yìn, ó ṣubú lulẹ̀. Mo yíjú. Ọkọ mi ti dìde dúró, ó ń wo ojú kọ̀ǹpútà, àwọ̀ ojú rẹ̀ ti yí padà.

“Bàbá wọn, kí ló ṣẹlẹ̀?”

“Ọ̀... Ọ̀... Ọ̀gá Sùúrù,” ó ní. “Ó sọ̀rọ̀.”

Mo sún mọ́ ọn. Alágbàsọ ti gbé ìròyìn kan sílẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, orúkọ Ọ̀gá Sùúrù wà níwájú rẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé àṣìṣe ńlá wà nínú ètò ìdàkọsílẹ̀ náà, kí gbogbo ẹni tó ń lò ó fi àtúnṣe tuntun sórí kọ̀ǹpútà wọn lónìí, kí wọ́n má ṣe jẹ́ kó di ọ̀la. Mo ní n kì í bẹ̀rù, àmọ́ orí mi wú. Ọ̀pá ìwọ̀n bọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹni tí wọ́n ti sin láti oṣù méje ni.

“Àbí ó ti kọ ọ́ kó tó kú ni?” mo bi í.

Ó wo àkọsílẹ̀ ẹni tó ni sáìtì náà, ó mi orí. Ó ṣàlàyé rẹ̀ ní ìkékúrú, mo sì rántí gbogbo rẹ̀ nítorí bí ó ṣe ń jáde lẹ́nu rẹ̀ ní gígé ní gígé. Orúkọ sáìtì dà bí ṣọ́ọ̀bù tí èèyàn háyà, ọdọọdún ni wọ́n ń sọ ọ́ di ọ̀tun. Ẹni tó ń ṣe é ti kú, ìdílé rẹ̀ kò mọ̀, ọdún sì ti pé. Ẹnìkan tó ti ń ṣọ́ ọ ló gbà á. Ẹni náà mọ̀ pé ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀tì ń yà síbẹ̀, ó kàn gbé àwọ̀ olóògbé wọ̀, ó gbé ètò burúkú síbẹ̀, ó pè é ní àtúnṣe. Ẹnikẹ́ni tó bá fi sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti ṣílẹ̀kùn fún olè nìyẹn.

“Ta ló gbé ọ̀rọ̀ olè wọlé?” Ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu mi kí n tó mọ̀. Ó wò mí.

Ó pa ìròyìn náà rẹ́ kúrò nínú ìkànnì. Ṣùgbọ́n ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ó ti tó ogójì ìṣẹ́jú tó ti wà níbẹ̀, fóònù gbogbo wọn ti gbà á. Ó sáré kọ ìkìlọ̀. Ọ̀kan dáhùn pé òun ti fẹ́ fi sórí kọ̀ǹpútà òun, ó kù kí òun tẹ̀ ẹ́ nìkan. Òmíràn ní òun ti fi sórí kọ̀ǹpútà ilé òun, ó sì ń bú ẹni tó ṣe é. Ọkọ mi ń kà wọ́n. Lójijì ó ní, “Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́,” orúkọ tí èmi ń pè é, tí òun kò pè é rí.

Ètò yẹn gan-an ló ń da àkọsílẹ̀ oògùn láti kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé. Inú àkọsílẹ̀ yẹn ni àwọn nọ́ọ̀sì ti ń wo ohun tí wọ́n máa fún ọmọ tí kò tó kílò méjì, ìwọ̀n oògùn tí kò tó ẹ̀kán omi. Bí olè bá wọ ibẹ̀, ó lè ti gbogbo rẹ̀ pa, kó ní kí wọ́n sanwó kí òun tó ṣí i. Ó tiẹ̀ lè yí ìwọ̀n oògùn padà.

Ọkọ mi pe àbúrò rẹ̀. Fóònù kò wọlé. A mọ̀ ọ́n, yàrá kọ̀ǹpútà wọn wà lábẹ́ ilẹ̀, fóònù kì í ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ó pe nọ́ńbà ilé ìwòsàn, ẹ̀rọ ní kó dúró, orin ń dún. Ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ mẹ́fà. Orin ṣì ń dún. Mo mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò.

Èmi ni mo wà á. Jálẹ̀ ọ̀nà ni ó ń pè, tó ń pa á, tó ń tún un pè. Iná dá wa dúró ní ìkòríta méjì, ìkejì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka oókan, eéjì, ẹẹ́ta sínú. Ẹ̀rù ba èmi gan-an. Ẹ̀rù tí mo ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ láti ọdún mọ́kànlá ló wá jókòó sí àyà tèmi, mo sì wá mọ̀ pé kì í ṣe ohun àwàdà.

“Ó lè máa jẹun lọ́wọ́,” mo ní.

“Kì í... kì í jẹun láàárọ̀.”

“Ó lè wà ní ìpàdé.”

Ó tún nọ́ńbà náà pè.

Ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn, ẹ̀ṣọ́ kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ eérú na ọwọ́ sí wa, mo ní yàrá kọ̀ǹpútà là ń lọ. Ó ní àkókò ìbẹ̀wò di aago méjì, àti pé yàrá tí à ń béèrè kò sí fún àlejò rárá. Ọkọ mi la ẹnu. Ọ̀rọ̀ há. Mo rí iṣan ọrùn rẹ̀ tó ń yọ. Ìwà mi ni pé mo máa ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ bó bá ti há, kí ó má baà jìyà, mo sì la ẹnu láti gbà á. Mo wá rí i pé mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Kí ni mo máa ní? Pé òkú kan kọ lẹ́tà?

“Ẹ dákun, ọ̀gá,” mo ní, “ẹ ṣe sùúrù kí ó sọ ọ́.”

Ẹ̀ṣọ́ náà dúró. Ó tó ìdajì ìṣẹ́jú, èyí tó ju wákàtí kan lọ lójú mi. Lẹ́yìn náà ni ọkọ mi sọ pé, “Àbúrò mi ló... ló ń tọ́jú kọ̀ǹpútà yín. Olè fẹ́ wọ inú rẹ̀ nísinsìnyí. Ẹ má jẹ́ kí... kí àwọn ọmọ kú.”

Ẹ̀ṣọ́ náà kò yẹ ìwé kankan wò mọ́. Ó sáré níwájú wa. A sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ìpele méjì, a gba ọ̀nà tóóró tó ń rùn bí oògùn apakòkòrò. Nígbà tó fi káàdì rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn, òtútù yàrá náà lù mí lójú. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ jókòó níbẹ̀, ó fi súwẹ́tà bora, ó ń kọ nǹkan sínú ìwé iṣẹ́ rẹ̀. Ó gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín.

“Ẹ̀gbọ́n mi. Ìyàwó wa. Ṣé kò sí nǹkan?”

“Àtúnṣe yẹn,” ọkọ mi ní. “Ṣé o ti...”

“Ti Ọ̀gá Sùúrù? Mo rí i lórí fóònù kí n tó sọ̀kalẹ̀ wá, mo ti fi sí i. Kò tíì pé ìṣẹ́jú mẹ́jọ.”

Ọkọ mi kọjá lára rẹ̀, ó wọ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà ńlá tó wà níbẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ìdìpọ̀ wáyà mú, ó sì fà á tu. Àwọn iná kéékèèké tó ń ṣẹ́jú lára rẹ̀ kú. Láàárín ìṣẹ́jú kan, fóònù ara ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Àwọn nọ́ọ̀sì ń pè láti òkè pé ojú kọ̀ǹpútà ti dúdú.

Èmi kò mọ bí mo ṣe máa ròyìn wákàtí mẹ́rin tó tẹ̀lé e. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Àgbà nọ́ọ̀sì kan sọ̀kalẹ̀ wá, ó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, kò pariwo. Ó ní kí wọ́n kó ìwé jáde, kí nọ́ọ̀sì méjì máa wọn oògùn ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹnì kejì máa yẹ ọwọ́ ẹnì kìíní wò. Ó bi Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ pé ọmọ mélòó ló gba oògùn láàárín ìṣẹ́jú mẹ́jọ yẹn. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní òun kò mọ̀. Ó lọ síbi ògiri, ó dúró síbẹ̀, ó kọ ojú sí i.

Mẹ́ta ni. Wọ́n yẹ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo ń gbọ́ ìró bàtà àwọn nọ́ọ̀sì lókè orí mi, gbogbo ìgbà tí ẹnìkan bá sáré ni mò ń dìde dúró. Wọ́n wá sọ fún wa pé nǹkan kan kò ṣe àkọ́kọ́. Ó pẹ́ kí wọ́n tó wá sọ pé nǹkan kan kò ṣe ìkejì náà. Ìkẹta ló gba àkókò jù, nítorí ó kéré gan-an, wọ́n sì ní láti wá dókítà rẹ̀. Ìwọ̀n oògùn rẹ̀ pé. Mo fi orí lé orúnkún mi, mo sunkún bí ọmọ ọwọ́, ẹ̀ṣọ́ náà sì dúró tì mí kò lọ.

Ní ìsàlẹ̀, àwọn ọmọ ìyá méjèèjì ti rí ètò burúkú náà. Ó ti wọlé, ó ti lúgọ, ó ń dúró kí ilẹ̀ ṣú. Kò tíì fọwọ́ kan àkọsílẹ̀ kankan. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n pààrọ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ aṣínà tí wọ́n fi ń ṣí kọ̀ǹpútà, wọ́n dá àkọsílẹ̀ padà láti orí èyí tí wọ́n ti fi pamọ́ ní àná.

Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀ ni ọkọ mi wá bi àbúrò rẹ̀ ní ìbéèrè tó ti wà lọ́kàn èmi náà látàárọ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

“O mọ̀ pé ó ti kú. O sunkún rẹ̀ nílé mi. Ṣé ẹ̀rù kò bà ọ́ ni, nígbà tí o rí orúkọ rẹ̀?”

“Ó bà mí,” Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní. “Ara mi bù máṣọ. Mo gbé ọwọ́ kúrò lórí rẹ̀, mo ní mi ò ní fọwọ́ kàn án. Ìgbà tó yá ni mo wá rò ó pé Alágbàsọ ló gbé e wá. Mo ní, ẹ̀gbọ́n mi yìí, tó máa ń lọ yẹ ilẹ̀kùn wò lẹ́ẹ̀mejì, bí ohun kan bá ti kọjá lójú rẹ̀, ó ti kà á nígbà mẹ́wàá. Mo ní bí kò bá ba ẹ̀gbọ́n mi lẹ́rù, kí ló fẹ́ bà mí lẹ́rù? Ni mo bá fi sí i.”

Ọkọ mi wo ọwọ́ ara rẹ̀.

“Mi ò kà á,” ó ní. “N kì í kà wọ́n. Ṣe ló máa ń kó wọn wá fúnra rẹ̀.”

“Kò sí èyí tí ẹ máa ń kà?”

“Kò sí.”

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ kò bínú. Ì bá bínú, ì bá dára. Ó kàn wò ó bí èèyàn ṣe ń wo ilé tó mọ̀ dáadáa tí wọ́n ti kó gbogbo ẹrù inú rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ó ní òun fẹ́ lọ rí àwọn ọmọ mẹ́ta yẹn, ó sì gòkè lọ.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ọkọ mi yọ àwọn òkú mẹ́rin. Ó kọ ọ́ sínú ìkànnì pé ẹ̀bi òun ni, ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. Àwọn kan bú u, àwọn kan ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀, pé àṣà gbogbo wọn ni. Láti ìgbà náà, Alágbàsọ kò tún dá gbé nǹkan síta mọ́. Ohun tó bá rí, á gbé e wá fún ọkọ mi, ọkọ mi á kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ kó tó jẹ́ kó jáde. Iṣẹ́ ti ń pẹ́. Àwọn èèyàn ń kùn. Nígbà mìíràn mo máa ń gbọ́ lẹ́yìn mi pé kò tẹ nǹkan kan fún wákàtí kan, ó kàn ń kà, mo sì mọ̀ pé àyà rẹ̀ ń lù.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ṣì ń wá sílé wa. Bí Alágbàsọ bá gbé nǹkan kan síta tó kan iṣẹ́ rẹ̀, á pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, á ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ti kà á?” Ọkọ mi á ní òun ti kà á, òótọ́ sì ni. Á dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkọ mi á gbé fóònù sílẹ̀, mo sì máa ń rí i pé inú rẹ̀ dùn fún ìyókù ọjọ́ náà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí mo ń wọn èjìká rẹ̀ fún aṣọ tuntun, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ sọ fún mi pé bí òun bá ti gbé fóònù sílẹ̀, òun máa ń jókòó, òun á tún gbogbo rẹ̀ kà fúnra òun. Ó bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún un. Mi ò tíì sọ.